Afẹ́fẹ́ Inú Sítíárì Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ìró náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí ojú mi tó rí ọkọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú ọdún yìí, mo dúró ní ibùdókọ̀ ní Osi, mo ń dúnàádúrà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pẹ̀lú obìnrin kan, ni ọkọ̀ akérò kan tó fẹ́ máa lọ sí Ilọfa bá yí orí padà lẹ́yìn mi. Bí dírẹ́bà ṣe ń yí sítíárì, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan ń kérora lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ariwo ẹ́ńjìnì. Ohùn gígùn kan ni, ohùn inú imú, bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń rọbí lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí táyà tọ́ padà, ìró náà dákẹ́. Nígbà tó tún yí i, ó tún kérora.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Èmi kì í ṣe ojo. Mo ka ìwé dé yunifásítì, mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti kọ ìwé ẹ̀sùn ju èyí tí mo lè kà lọ: nítorí ihò ojú títì, nítorí òpó iná tó dà gẹ̀rẹ̀ sórí ilé ìwé, nítorí oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tí wọ́n ṣì ń tà. Mo mọ̀ pé àwọn akọ̀wé ń pè mí ní Mọ́mì Ẹ̀sùn bí mo bá ti kẹ̀yìn sí wọn. Ṣùgbọ́n ìró yẹn kò mọ ìwé tí mo kà. Ó sọ mí di ọmọ ọdún mẹ́wàá lójú ẹsẹ̀.

Mo lọ bá dírẹ́bà lójú fèrèsé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó fi táwẹ́lì kọ́ ọrùn.

“Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ wà nínú sítíárì ọkọ̀ rẹ.”

“Mọ́mì, afẹ́fẹ́ wà níbi gbogbo.” Àwọn èrò inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Róbà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá ló bẹ́, mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀ lánàá ni. Ó ní ìró yẹn máa lọ fúnra ẹ̀.”

Ó máa lọ fúnra rẹ̀. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, láti ẹnu ẹlòmíràn, ní ìlú yìí kan náà.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, wọ́n ṣì ń fi mí sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní Osi títí di òní. Ṣùgbọ́n kò lè yé ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, àfi kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí agboolé wa.

Agboolé wa wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ilé alámọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, pẹ̀lú àgbàlá kan tí a máa ń gbá ní kùtùkùtù títí ìlà ìgbálẹ̀ yóò fi hàn lórí ilẹ̀ bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Bàbá mi ni ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ kan tó dúdú mìnìjọ̀ bí ewé kókò, àlòkù tó rà lọ́wọ́ ẹnìkan ní Ìlọrin. Ọkọ̀ mẹ́ta péré ló wà ní àdúgbò wa nígbà náà, tiwa nìkan ni sítíárì rẹ̀ sì ń lo ọ́ìlì. Àwọn méjì yòókù, bí àwọn tó ni wọ́n bá fẹ́ yí wọn lójú kan, àfi kí wọ́n fi èjìká bá sítíárì jà, kí òógùn máa bọ́. Bàbá mi a máa fi ìka kan yí tirẹ̀. Ó sì fẹ́ràn kí àwọn ènìyàn rí ìka náà. Bí a bá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, a máa na ìka yẹn sókè díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò wá fi yí ọkọ̀ wọlé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ro ògì lórí iná. Ìyá mi a máa wo ilẹ̀ nítorí ìtìjú. Inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, ni ó ni ìjókòó iwájú. Kò sí ẹni tó jẹ́ jókòó síbẹ̀ bí Yèyé bá ń bọ̀. Yóò fi apá ọ̀tún kọ́ fèrèsé, yóò gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ síta, yóò máa kí gbogbo ẹni tó bá wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Èdè ilé pọ́ńbélé ni Yèyé ń sọ. “Ulé” ni ó ń pe ilé, “usu” ni ó ń pe iṣu, àwa ọmọ tíṣà a sì máa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tó ní, “Ẹni ó bá mọ bí an tí í pè é dáadáa, kó mọ́ jẹ ẹ́.” Àwa náà ń pè é ní usu láti ọjọ́ yẹn.

Mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà ni Ọ̀gá Jóòjì. Ìbátan ìyá mi ni, àgbà díákónì sì ni nínú ìjọ wa. Òun ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa afẹ́fẹ́ inú sítíárì. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, nítorí ẹni tó bá fẹ́ fi ènìyàn sùn gbọ́dọ̀ sọ ire rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án, ọ́ìlì sítíárì náà kọ́kọ́ jò. Lẹ́yìn tí Ọ̀gá Jóòjì dí ibi tó ń jò tán, ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ títí táyà méjèèjì fi kúrò nílẹ̀. Kò tan ẹ́ńjìnì. Ó ṣí agolo kékeré tí ọ́ìlì náà ń gbé. Ọ́ìlì pupa ni, ó pupa bí omi ìṣápá, ó sì ní òórùn kan tó dà bí irin àti àdí pọ̀. Ó gbé mi jókòó sí ibi dírẹ́bà.

“Máa yí i lọ sí ọ̀tún, pẹ̀lẹ́, títí yóò fi kọ̀. Kó o wá dá a padà sí òsì, títí yóò fi kọ̀. Má kánjú o. Afẹ́fẹ́ kì í gba ìkánjú.”

Mo ń yí, òun ń wo agolo. Bí mo bá ti yí i, afẹ́fẹ́ á yọ lójú ọ́ìlì, á bẹ́, pọ̀, pọ̀, pọ̀, bí ẹ̀kọ tó ń hó. Ọ́ìlì á lọ sílẹ̀, á bu òmíràn sí i. Mo ka á, ó ju ogún ìgbà lọ. Apá mi ń ro mí. Nígbà tí ojú ọ́ìlì wá pa rọ́rọ́ bí omi inú àmù, ìgbà yẹn ló tó ní kí bàbá mi wá tan ọkọ̀. Kò sí ìró kankan. Ìka kan péré.

“Bó bá ṣì wà níbẹ̀ ńkọ́, sà?” ni mo bi í.

“Á máa kérora. Lọ́jọ́ tí o bá wá nílò rẹ̀ jù, á le mọ́ ọ lọ́wọ́ bí òkúta.”

Ẹ rántí gbólóhùn yẹn. Ọkùnrin náà mọ̀.

Ní ọdún kejì, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, róbà ọ́ìlì náà bẹ́. Bàbá mi wà ní ìpàdé àwọn tíṣà lọ́jọ́ Sátidé náà, ìyá mi wà lóko, èmi nìkan ni mo jókòó sórí àpótí, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀gá Jóòjì dé. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lé orí agbádá funfun, nítorí òkú àgbà kan wà tí wọ́n ń sin ní ìlú Eruku, ó sì fẹ́ tètè débẹ̀ kí wọ́n tó pín oúnjẹ. Etí agbádá náà ń yọ lábẹ́ aṣọ iṣẹ́ bí yẹ̀rì obìnrin. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Mo lè sọ ohun tó ṣe lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni pé àná ni. Ó so róbà tuntun, èyí dára. Ó da ọ́ìlì sínú agolo títí ó fi kún, èyí náà dára. Ṣùgbọ́n kò mú jáàkì jáde rárá. Kò yí sítíárì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ó tan ẹ́ńjìnì pẹ̀lú gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ọkọ̀ sì kérora. Ó bojú wo inú agolo, mo rí i tó bojú wò ó, ọ́ìlì ti ń hó kúṣúkúṣú bí ọṣẹ, pupa rẹ̀ ti di funfun. Ó pa ìdérí rẹ̀ dé. Ó ní, “Ó máa lọ fúnra ẹ̀.” Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ.

Ní ọ̀nà ni ó ti pàdé bàbá mi. Bàbá mi délé, ó ní, “Ọ̀gá ti ṣe ọkọ̀. Ó ní òun gbé e sókè, òun sì yọ gbogbo afẹ́fẹ́ rẹ̀ pátápátá.”

Ẹ̀rù bà mí láti ìgbà yẹn lọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ bí a ṣe tọ́ wa. Àgbà lè gbàgbé. Àgbà lè ṣì sọ. Ahọ́n àgbà lè yọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọdé sọ pé àgbà purọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú èdè tí ọmọdé ń sọ. Mo yí i títí lọ́kàn mi, mo ń wá ọ̀nà tí n óò gbà sọ ọ́ tí irọ́ kò fi ní yọjú. Nígbà tí a ń jẹun, mo ní, “Bàbá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò kúrò nílẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá wá.”

Ìyá mi gbé ṣíbí sílẹ̀. “Kí lo sọ? Ṣé irọ́ ni bùọ̀dá mi pa?”

“Rárá, mà.”

“Kí wá lo sọ?”

“N ò sọ nǹkan kan, mà.”

Bàbá mi ń ka ìwé ìròyìn. “Ọ̀gá mọ iṣẹ́ rẹ̀,” ni ó wí, ó sì ṣí ojú ewé mìíràn.

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, mo gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé kí Ọlọ́run bá wa yọ afẹ́fẹ́ náà, nítorí Òun kì í ṣe ìbátan ìyá mi. Ọ̀gá Jóòjì ló ń gbé igbá ọrẹ kiri. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Lẹ́yìn ìsìn, a wọ ọkọ̀, ó di ọ̀nà Ilọfa, níbi tí àbúrò Yèyé ti ń retí wa. Bàbá mi ń wakọ̀, Yèyé wà níwájú, apá rẹ̀ wà lójú fèrèsé, èmi àti ìyá mi wà lẹ́yìn. Bí a bá ti dé ibi tí ọ̀nà kọ́, ọkọ̀ á kérora.

“Kí lẹni yìí ń sunkún sí?” ni Yèyé bi bàbá mi. “Ṣé o kò fún un lóńjẹ ni?”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò fi ìka kan wakọ̀ mọ́. Ọwọ́ kan odindi ni. Nígbà tó ṣe, ó di ọwọ́ méjì. Mo ń ka ìkérora náà: ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún. Mo di ẹ̀yìn ìjókòó Yèyé mú, mo ń wo ọrùn bàbá mi, òógùn ti ń yọ níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo la ẹnu. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo wo ìyá mi tí mo sì pa á dé. Ẹ̀rù méjì ló wà nínú mi, ẹ̀rù ọ̀nà àti ẹ̀rù ìyá mi, ti ìyá mi ló sì tóbi jù. Títí di òní, ohun tó ń já mi láyà jù nìyẹn.

A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí ọ̀nà ti kọ́ sí òsì nísàlẹ̀. Oko iṣu ló wà lápá ọ̀tún. Bàbá mi yí sítíárì. Ọkọ̀ kérora, ìkérora náà gùn, ó wá gé lójijì bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Sítíárì le. Mo rí èjìká bàbá mi tó gbé sókè, mo rí iṣan ọwọ́ rẹ̀, ó ń fà á bí ẹni ń fa màlúù, ọ̀nà lọ sí òsì, àwa lọ tààrà. Ìyá mi kígbe Jésù. Ọkọ̀ fò kọjá gọ́tà, ó ń fọ́ ebè, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, erùpẹ̀ bo gíláàsì, a sì gbọ́ ìró kan ní apá ọ̀tún bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ọkọ̀ dúró.

Kùkùté gíga kan ló wà létí oko náà. Apá Yèyé tó wà lójú fèrèsé ló gbà á.

Yèyé kò ké. Ó wo apá rẹ̀, ó ní, “An ti ba usu onúsu jẹ́.”

Àwọn àgbẹ̀ sáré wá, wọ́n gbé Yèyé jáde, wọ́n fi pákó àti aṣọ ìró ìyá mi di apá rẹ̀. Nígbà náà ni bàbá mi yí padà sí mi. Ó ní, “Kí lo fẹ́ sọ lánàá?”

Mo kúnlẹ̀ láàárín poro, mo sọ gbogbo rẹ̀: jáàkì, agolo, ọ́ìlì tó ń hó, ìdérí tó pa dé. Ìyá mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò sọ pé mo pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́. Bàbá mi kò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí. Ó kàn ń wo ìka rẹ̀.

Wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà padà sí Osi. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi fúnra rẹ̀ gbé e sórí jáàkì, ó sì pè mí kí n wá jókòó sí ibi dírẹ́bà. Mo ń yí i, òun ń wo agolo. A ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ojú ọ́ìlì fi pa rọ́rọ́. Ó wá nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní:

“Ohun tí o bá fi ojú rẹ rí, máa sọ ọ́. Bó bá jẹ́ àgbà ni, kúnlẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n sọ ọ́.”

Ọ̀gá Jóòjì wá dọ̀bálẹ̀. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Àwọn àgbà agboolé ní kí a fi ṣe ti Ọlọ́run, wọ́n dárí jì í, ó sì tún gbé igbá ọrẹ ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Èmi kò dárí jì í, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ níbí kí ó lè wà ní àkọsílẹ̀. Èṣù kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé yẹn. Èmi ni mo wà níbẹ̀.

Atoegungun to apá Yèyé, ṣùgbọ́n ó wọ́, ìka rẹ̀ kò sì ká mọ́. Ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò dé ẹnu, kí ló kù fún un nídìí àwo? Láti ọjọ́ náà, Yèyé kò jẹun níwájú àlejò mọ́. Á kẹ̀yìn sí wa, á fi òsì jẹun ní ìdákẹ́jẹ́, bí olè, nínú ilé ara rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó sì tún ń jókòó níwájú ọkọ̀, ṣùgbọ́n á gbé apá náà lé itan, á máa fi orí kí àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà.

Ìyẹn ni ìró tí mo gbọ́ ní ibùdókọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí dírẹ́bà rẹ́rìn-ín tán tó sì ki jíà, mo lọ dúró síwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ó fọn fèrè. N kò yà. Ó tún fọn ọ́n.

“Ìyá yìí, ẹ kúrò lọ́nà, iṣẹ́ ń dúró dè wá!” ni obìnrin kan ké láti inú.

“Ṣé ẹ̀yin náà ti di ọlọ́pàá ojú pópó ni, Mọ́mì?” ni ọkùnrin kan bi mí.

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, Mọ́mì Ẹ̀sùn ni. Wọ́n máa kọ̀wé lórí afẹ́fẹ́ báyìí,” ni akọ̀wé kan láàárín wọn wí.

Mo wo inú ọkọ̀. Ìyá àgbà kan ló jókòó síwájú, ó gbé apá ọ̀tún sí ojú fèrèsé.

Gbogbo gírámà tí mo fi ń kọ̀wé ẹ̀sùn ṣá lọ. N kò rí ọ̀kan mú. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi kò ju èyí tí bàbá mi fún mi lọ. Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo lè bí ọmọ náà, mo fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ nínú erùpẹ̀, níwájú táyà, mo ní, “Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Má gbé wọn lọ.”

Ẹ ò rí bí ó ṣe fò jáde! “Yé! Mọ́mì! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ má fi ìkúnlẹ̀ pa mí, ìyá mi ṣì wà láyé!” Ó ti pa ẹ́ńjìnì. Òun náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀, táwẹ́lì rẹ̀ nínú eruku.

“Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì,” ni mo wí láìdìde. “Wo agolo ọ́ìlì sítíárì.”

Ó ṣí i. Ó wò ó. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ó ń hó bí ọṣẹ.”

Wọ́n yá jáàkì lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ táyà. Wọ́n gbé iwájú rẹ̀ sókè. Èmi ni mo jókòó sí ibi dírẹ́bà, mo ń yí i lọ sí ọ̀tún títí ó fi kọ̀, lọ sí òsì títí ó fi kọ̀, ọmọ náà ń wo agolo, ó ń bu ọ́ìlì sí i. Àwọn èrò tó ń bú mi ló ń bá mi kà á. “Méjìlá! Mọ́mì, ẹ rọra o. Mẹ́tàlá!” Nígbà tó tan ẹ́ńjìnì, tó yí i, kò sí ìró. Ìyá àgbà tó wà níwájú kò mọ ìdí rẹ̀ rárá. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ó gbé apá rẹ̀ jáde lójú fèrèsé, ó juwọ́ sí mi.

Ohun púpọ̀ ti yí padà. Ilé ìwé bàbá mi ti gba òrùlé tuntun, agboolé wa ti ṣófo, àwọn ọmọ ibẹ̀ ti wọ ìlú ńlá lọ, ọmọdé ìsinsìnyí á sì sọ fún àgbà pé irọ́ ni láìtilẹ̀ gbé orí kúrò nínú fóònù. Mo máa ń bínú sí wọn, lẹ́yìn náà ni mo máa ń jowú wọn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò yí padà. Ibi tí ẹnìkan bá ti kánjú ló ń gbé, á sì dúró dè yín ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Mo dúró títí n kò fi gbọ́ ọkọ̀ náà mọ́, mo ń tẹ́tí. Obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ní kí n gbọn erùpẹ̀ orúnkún mi nù. N kò gbọ̀n ọ́n. Mo gbé e délé.